Iṣẹ́ ti gbẹ, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta wà lọ́wọ́ mi: ṣé kí n dá wọn sílẹ̀?

Ẹnì kan tó ní ilé iṣẹ́ bíríkìlà kékeré kọ̀wé sí mi báyìí: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí iṣẹ́ ti ń gbẹ lágbègbè wa. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ pọ̀ débi pé mo wá bíríkìlà tó mọṣẹ́ tì. Iṣẹ́ méjì ni mo dá padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Èyí àgbà nínú wọn ti lo ọdún méjì, èkejì ti lé lọ́dún kan, èyí kékeré kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ní báyìí, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó àwa àgbà mẹ́rin jẹ. Ẹnì kejì mi ní kí n dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀, pé bí iṣẹ́ bá padà, a ó rí àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà gbà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò tilẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ agbára. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá kọ́ wọn tán, ẹlòmíràn ni yóò gbà wọ́n lọ. Agbègbè tó wà lẹ́bàá wa sì ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì. Ṣé kí n kó irinṣẹ́ mi lọ síbẹ̀ ni, àbí kí n dá àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ kí n jókòó?”

Ẹ kú ìfaradà. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fèsì, torí irú rẹ̀ ti ṣe èmi náà rí. Lójú yín, ìbéèrè méjì ni: kí n lọ àbí kí n dúró, kí n dá wọn sílẹ̀ àbí kí n mú wọn mọ́ra. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ méjèèjì: ta ni yóò máa gbé ẹrù ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní àsìkò tí iṣẹ́ kò bọ́ ẹnikẹ́ni? Mo fẹ́ sọ èrò mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ má baà máa wá a kiri. Àìtó bíríkìlà tó dà yín láàmú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìgbà tí iṣẹ́ gbẹ kẹ́yìn ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí iṣẹ́ ya. Èyí tí yóò tún dà yín láàmú ní ọdún mẹ́rin sí àsìkò yìí, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni ẹ ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ iṣẹ́ agbára kúrò lọ́nà, torí òun ló ń dí àwọn ọ̀gá lójú jù. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Èmi ni wọ́n ń fi bú nígbà náà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2005, ilé gbígbé tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Nígbà tó fi máa di 2009, kò ju nǹkan bí 554,000 lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé, tí wọ́n tó bí mílíọ̀nù 7.7 nígbà tí ọjà gbóná, já wálẹ̀ sí bí mílíọ̀nù 5.5. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹni ogójì ọdún nínú wọn lọ wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni ọgọ́ta ọdún fẹ̀yìn tì, ọmọ iṣẹ́ ọlọ́dún kan wá nǹkan mìíràn kọ́. Nígbà tí ọjà padà bọ̀ sípò, ariwo gba ìlú pé bíríkìlà ò sí, ọ̀lẹ ni gbogbo ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2014 ni wọ́n lé ní 2008. Ibo ni wọ́n fẹ́ ti rí i? Ọ̀dọ́ tó sì rí bí wọ́n ṣe ṣe bàbá rẹ̀ lọ́dún náà kò ní í sáré wá di ọmọ iṣẹ́ yín. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú ló ti rí.

Ohun kejì tó yẹ kó yé wa ni ìdí tí agbègbè yín fi gbẹ nígbà tí ti aládùúgbò ń ya. Ẹni tó ń rán aṣọ lè rán an níbí kó tà á lókè òkun. Iṣẹ́ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí ògiri máa dúró sí la gbọ́dọ̀ ti mọ ọ́n. Bíríkì kan wúwo tó kìlógíráàmù 2 sí 3. Ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ti di tọ́ọ̀nù méjì sókè, nítorí náà bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí i ni owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè lè máa ṣe dáadáa lórí ìwé, kí bíríkìlà ìlú kan nínú rẹ̀ máa ká ọwọ́ lẹ́rán. Láàárín 2022 sí 2023, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé láti etí òdo títí ó fi kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé kan náà ló kan gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò dun gbogbo wọn bákan náà. Níbi tó bá jẹ́ pé ilé ìdílé ló pọ̀, tí ẹni tó ń kọ́ ọ ń yá owó, iṣẹ́ á kọ́kọ́ dúró. Níbi tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ti lè ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ tipẹ́, iṣẹ́ á máa bá a lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé agbègbè yín ti gbẹ, ẹ jẹ́ ká mọ irú iṣẹ́ tó gbẹ. Nínú ìwé yín, mo fura pé ilé gbígbé tuntun nìkan ni ẹ gbójú lé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka kan ló gbẹ, igi ṣì wà lórí ìdúró.

Àmì kan wà tí mo máa ń wò ju ìròyìn lọ: tábìlì àwọn ayàwòrán ilé. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ wọn, AIA, ń gbé òǹkà kan jáde lóṣooṣù. Bí òǹkà náà bá ju 50 lọ, iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó lé lórí ń pọ̀ sí i. Bó bá wà lábẹ́ 50, ó ń dín kù. Ìkọ́lé ọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ àti irú wọn máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 9 sí 12. Bí kò bá sí irú òǹkà bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ mọ ayàwòrán méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ pè wọ́n. Ẹ má béèrè bóyá iṣẹ́ wà, torí gbogbo wọn ló máa ní ó wà. Ẹ béèrè iye èèyàn tó ń yàwòrán ní ọ́fíìsì wọn lónìí, kí ẹ béèrè iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bíríkì pẹ̀lú; òun máa ń mọ ẹni tó ti wá béèrè iye kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ni pé bíríkìlà kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó ń dé ojú iṣẹ́. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ àti àwọn tó ń da kọnkéré ìpìlẹ̀ ti lọ kí àwa tó dé. Ìdí nìyí tí ìyàn fi ń pẹ́ kó tó kàn wá, tó sì tún ń pẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá rí i tí àwọn tó ń wa ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn, ẹ ṣì ní oṣù díẹ̀ láti fi múra. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí ìpìlẹ̀ bá gbẹ tán ni ẹ máa wá ọmọ iṣẹ́ kiri.

Ní ti kí ẹ kó irinṣẹ́ lọ sí agbègbè kejì, mo lọ rí, mi ò sì kábàámọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kéré sí bó ṣe rí lókèèrè. Owó ọkọ̀, owó ibùsùn, àti wákàtí tí a fi wà lójú ọ̀nà ló gbé ìdá tó pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ti mú iṣẹ́ tó dára fún ara wọn. Èyí tó ṣẹ́ kù, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ, ni wọ́n gbé fún àlejò. Ohun mìíràn tún ni pé iṣẹ́ bíríkìlà ibìkan kò fi gbogbo ara jọ ti ibòmíràn. Ní oṣù Kẹta 1933, ilẹ̀ mì ní Long Beach, ní California. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi bíríkì lásán mọ ló wó. Ìrọ̀lẹ́ ló ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ìyẹn ló kó wọn yọ. Láàárín oṣù kan, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Field Act lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ń mọ ògiri ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń to irin sínú búlọ́ọ̀kù, kó sì mọ bí a ṣe ń da kọnkéré tó ṣàn kún ihò rẹ̀ láìsí àlàfo. Níbi tí òtútù ti ń mú, bí ojú ọjọ́ bá ti wá sísàlẹ̀ ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a ní láti mú omi tàbí yanrìn gbóná, kí a sì bo ògiri kí omi inú mọ́tà, àpòpọ̀ tí a fi ń so bíríkì pọ̀, má baà di yìnyín. Ẹni tí kò ṣe é rí kò lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ pẹ̀lú àwọn méjì, fún iṣẹ́ kan tí ẹ ti fi ojú rí, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ sílé. Ẹ má kó gbogbo ilé iṣẹ́ lọ.

Wàyí o, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí ẹnì kejì yín gbẹ́kẹ̀ lé. Mo bá irú rẹ̀ ṣe é rí. Ní ọdún kan tí iṣẹ́ ya, mo gba ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ wọn yá. Okùn kò yẹ̀, pọ́ńbù kò yẹ̀, ògiri wọn dùn ún wò. Mo yìn wọ́n, mo sì lọ sí ojú iṣẹ́ mìíràn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, oníbàárà pè mí pé òjò ń wọ yàrá. Mo débẹ̀, mo fi ìrọra yọ bíríkì kan, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́tà wà ní etí iwájú, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, òfìfo ni. Mo yọ òmíràn, bákan náà. Wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n fi mọ́tà pa orí bíríkì kí wọ́n tó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, àmọ́ kò sẹ́ni tó dúró tì wọ́n pẹ́ tó láti rí i pé bí ó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, etí iwájú nìkan ni wọ́n ń pa. Ògiri náà tọ́ ṣánṣán, ó sì ń mu omi bí kànìnkànìn. A wó ẹ̀gbẹ́ kan látòkè délẹ̀, a tún un mọ. Owó tó bá a lọ ì bá tó mi kọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́dún kan. N kò dá wọn lẹ́bi. Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀ láìsí àgbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríkìlà tó dàgbà nínú iṣẹ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Yóò tẹ́ mọ́tà, yóò fi ẹnu tírówẹ̀lì ya àárín rẹ̀ díẹ̀, yóò gbé bíríkì lé e, yóò sì tì í títí mọ́tà yóò fi yọ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó yọ yẹn ló ń sọ fún un pé inú ti kún. Yóò fi etí tírówẹ̀lì gé e, ohun tó gé náà ni yóò sì fi pa orí bíríkì tó kàn, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Kò ronú lé e mọ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ omi mọ́tà. Ìlànà ASTM C270 tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ní kí a lo mọ́tà tán láàárín wákàtí méjì àtààbọ̀ tí a po ó. Bó bá ń gan ṣáájú ìgbà náà, a lè fi omi rọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, dídà nù ló kù. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyẹn sórí ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí kò ṣeé kọ́ sórí ni bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ bóyá oòrùn ló gba omi rẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Oòrùn ni, fi omi sí i. Sìmẹ́ǹtì ni, omi tí ẹ fi sí i yóò sọ ògiri di aláìlágbára, ojú kò sì ní í rí i títí ó fi máa pẹ́. Àti bíríkì fúnra rẹ̀: òmíràn gbẹ débi pé kó tó dúró, ó ti fa omi inú mọ́tà mu tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tó láti pàdé gbogbo irú bíríkì àti gbogbo irú ojú ọjọ́.

N kò sọ pé ẹ̀kọ́ kúkúrú kò wúlò. Ẹnu ọ̀nà ni. Ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ orúkọ irinṣẹ́, kó mọ bí a ṣe ń fi okùn sí, kó sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí bá òun lára mu kí ẹ tó náwó lé e. Ó tún dára fún àwọn nǹkan tí àwa àgbà kò kà sí: eruku, fún àpẹẹrẹ. Láti 2016, òfin Amẹ́ríkà ti ní kí eruku sílíkà, èyí tó ń jáde nígbà tí a bá ń gé bíríkì, tí òṣìṣẹ́ ń fà sínú má ju máíkrógíráàmù 50 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, bí a bá pín in lórí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Èmi àti ẹgbẹ́ mi gé bíríkì ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a ń fi aṣọ nu ojú, a ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó jáde níbi ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ní kí a máa da omi sí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ilé. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta ni ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà fi ń kọ́ṣẹ́, tó ń lọ láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ ètò ìkọ́ṣẹ́ tí òfin 1937 gbé kalẹ̀, ó máa ń jẹ́ bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, tí ọdún kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan bí wákàtí 2,000 lójú iṣẹ́ àti wákàtí 144 nínú kíláàsì. Ẹ wo ìpín yẹn dáadáa: ojú iṣẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1563 ní ọdún méje ni. Ọdún méje pọ̀ jù lójú tèmi. Mo rò pé àwọn ọ̀gá ìgbà náà kàn fẹ́ràn ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ọdún mẹ́ta tí àgbà dúró tì í tó.

Ẹ̀rù pé ẹlòmíràn yóò gba ọmọ yín lọ lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́ ọ tán, òun ni mo rò pé ó wúwo jù nínú ìwé yín, bó tilẹ̀ jẹ́ gbólóhùn kan péré. Kì í ṣe àròsọ. Ẹni tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni kò ná kọ́bọ̀, nítorí náà ó lè fi owó tí kò ná yẹn fa ọmọ yín lọ. Bí gbogbo ọ̀gá bá wá ń ronú bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọmọ mọ́, gbogbo wa á wá jọ máa du àwọn àgbà mélòó kan náà. Àwọn ibòmíràn ti wá nǹkan ṣe sí i. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá CITB sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìkọ́ṣẹ́ ti 1964: ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tí owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó iye kan ń dá owó sí àpò kan, ẹni tó bá sì ń kọ́ ọmọ ń gba ìrànwọ́ níbẹ̀. Ní Jámánì, SOKA-BAU ń ṣe irú rẹ̀: ẹni tó kọ́ ọmọ àti ẹni tí kò kọ́ ọmọ ló jọ ń dá owó ọ̀hún, wọ́n á sì dá apá kan ìnáwó padà fún ẹni tó kọ́ ọ. Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ kò bá sí lágbègbè yín, kò sí bí èmi àti ẹ̀yin ṣe lè dá a sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ tèmi ni pé owó nìkan kọ́ ló ń mú ọmọ iṣẹ́ lọ. Nínú àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ mi, èyí tó pọ̀ jù lọ nítorí pé lébírà ni wọ́n ṣì ń ṣe lọ́dún kejì: wọ́n ń po mọ́tà, wọ́n ń ru bíríkì, kò sẹ́ni tó fi wọ́n sẹ́nu okùn kí wọ́n mọ ògiri. Èyí tí mo gbé igun ilé lé lọ́wọ́, tó mọ̀ pé òun ló mọ ọ́n, wọ́n dúró ju bí mo ṣe rò lọ.

Nítorí náà, kí ni ọ̀nà tó wà níwájú yín? Kí ẹ mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: ó dùn ún gbọ́, ó sì ti pa ilé iṣẹ́ púpọ̀. Kí ẹ dá gbogbo wọn sílẹ̀: ẹ ó sinmi fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjì tí ẹ ti ná sórí èyí àgbà yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ọmọ tó lo ọdún méjì máa ń mọ bí ìdajì ògiri tí àgbà ń mọ lóòjọ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti àgbà. Ìgbà yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè rẹ̀ padà. Èyí ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ bí ọwọ́ yín bá ká a. Ọ̀nà kẹta ni kí gbogbo yín, àgbà àti ọmọ, dín ọjọ́ iṣẹ́ kù. Ní Jámánì, ètò kan wà fún iṣẹ́ ìkọ́lé láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, tó ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ dín wákàtí kù láìlé ẹnikẹ́ni, kí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ sì san apá kan owó tó lọ. Níbi tí kò bá sí irú rẹ̀, àdéhùn ẹnu àti ìwé láàárín yín ni. Ẹ pe àwọn àgbà mẹ́rin náà jọ, ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n rí i. Àwọn èèyàn máa ń gbà ju bí a ṣe rò lọ bí a kò bá fi nǹkan pa mọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin nílé lè sọ pé òun kò lè gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú sí i.

Ọ̀nà kẹrin ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ kejì: kí ẹ yá a fún ẹlòmíràn. Ní Ọsirélíà, àwọn àjọ kan wà tó ń gba ọmọ iṣẹ́ sábẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì ń fi í sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kékeré. Bí iṣẹ́ bá tán lọ́dọ̀ ẹni yìí, ọmọ náà kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò já. Ẹ̀yin àti ọ̀gá méjì tí ẹ fọkàn tán lè ṣe kékeré rẹ̀. Ẹ lè kọ̀wé pé oṣù mẹ́ta ni, pé ẹni tó ń lò ó ló ń san owó rẹ̀, pé yóò padà. Ibẹ̀ ni yóò tún ti rí ohun tí kò sí lọ́dọ̀ yín. Èyí tó kéré jù, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, òun ló ṣòro jù, torí kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ yá a. Òun ni ẹ̀kọ́ kíláàsì bá mu ní àsìkò yìí: bí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan bá wà nítòsí, kó lọ jókòó síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò sí, kó má jẹ́ ìgbà tí ẹ bá nílò ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni ẹ ó máa ṣe? Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́. Ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ tuntun, èyí tó ti wà ṣì ń jo, ojú mọ́tà rẹ̀ ṣì ń yìnrìn. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kéré, kì í sì í gbayì lójú àwọn ọ̀gá ńlá, ìyẹn ló fi máa ń ṣẹ́ kù fún irú wa. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ẹ má rò pé sìmẹ́ǹtì líle ló dára jù. Sìmẹ́ǹtì Portland tí Joseph Aspdin gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1824 kò tíì sí nígbà tí wọ́n mọ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Láìmù ni wọ́n lò, ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta. Mọ́tà láìmù rọ̀, omi tó bá wọ ògiri sì ń gba inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì líle dí ojú rẹ̀, omi kò rọ́nà mọ́, yóò gba ara bíríkì jáde, ojú bíríkì yóò sì máa bó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mọ́tà yín á dúró bí férémù, bíríkì àárín rẹ̀ á ti jẹ wọnú. Irú iṣẹ́ yìí ni mo fi ń mọ ọmọ tó ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kí èyí àgbà bá yín ṣe é, kó máa gbẹ́ ojú mọ́tà náà pẹ̀lú ọwọ́, kó má fi ẹ̀rọ ya etí bíríkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi kò dé: mi ò rí ìwé owó yín, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọjọ́ kan sọ ìgbà tí iṣẹ́ máa padà. Gbogbo àmì tí mo kà sókè yìí ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀. Bó bá jẹ́ pé gbèsè ti dé ọrùn, tí ẹ ń yá owó san owó oṣù, ẹ dá wọn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá kú kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó sọ iye oṣù tó lò àti ohun tó ti lè dá ṣe, kó má baà lọ bẹ̀rẹ̀ látìpìlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ òótọ́ síbẹ̀: bó bá lè mọ ògiri títọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì lè mú igun lọ sókè, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá sì lè mú wọn dúró, ẹ wá igun kan lẹ́yìn ọgbà tàbí nínú ibi tí ẹ ń kó ohun èlò sí, kí wọ́n máa mọ ògiri ìdánrawò níbẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí. Igun kan, fèrèsé kan, ibi tí ògiri méjì ti pàdé. Kí ọ̀kan nínú àwọn àgbà jókòó tì wọ́n, kó máa yọ bíríkì kan lójijì, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì sí mọ́tà náà o. Láìmù àti yanrìn nìkan ni kí wọ́n fi po ó. Kò ní í yára le. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á fi ọwọ́ wó o, wọ́n á nu bíríkì mọ́, wọ́n á lọ mọ́tà kan náà mọ́ omi, wọ́n á sì tún un mọ.